Ìwé Rere àti Ojú Inú Ọmọ

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 6:4-9, Sáàmù 78:1-8, 2 Tímótíù 1:3-5

 

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti fẹ́ ṣí ewé yìí kọjá. Yóò ní, “Èmi tí n kò tíì ní ọkọ, èmi tí n kò tíì ní aya, kí ló kàn mí nínú ìwé ọmọdé?” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Ta ní ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí ó yí ọgbà wa ká? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ta ni ìyá ń fi àwọn àbúrò sílẹ̀ fún nígbà ìsinmi kí ó tó lọ sọ́jà? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ta sì ni yóò di òbí kí ọdún mẹ́wàá òní tó pé? Àwa kan náà ni. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ó tó ronú ohun tí yóò fi bọ́ ọkàn ọmọ rẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: Ọlọ́run fún gbogbo ọmọ ní ojú inú. Ojú inú yìí wúlò fún ìgbàgbọ́ ju bí a ti rò lọ. Bí àwa kò bá fi ìtàn rere bọ́ ọ, ẹlòmíràn yóò fi ohun tí ó wù ú bọ́ ọ.

Kí ni ojú inú?

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó so okùn mọ́ agolo mílíìkì, tí ó ń wọ́ ọ kiri àgbàlá, tí ó ń ké “pím-pím!” Lójú tiwa, agolo ni. Lójú tirẹ̀, mọ́tò ni, èrò kún inú rẹ̀, ó sì ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó pọn ṣùkù àgbàdo sẹ́yìn, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sunkún mọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Wọn kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi ojú inú rí ohun tí kò sí níwájú wọn ni.

Eré lásán ni àwa àgbà ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ìwé Hébérù orí 11 fi yé wa pé ọ̀rọ̀ ohun tí a kò tíì fojú rí ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ábúráhámù jáde kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ nítorí ìlú tí kò dé rí. Mósè kọ ọlá ààfin sílẹ̀ nítorí pé ó ń wo Ẹni tí a kò lè fi ojú rí. Ẹni tí kò lè rí ju ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ, báwo ni yóò ṣe ní ìrètí nígbà tí ó bá wà lórí ibùsùn àìsàn? Báwo ni yóò ṣe ṣàánú aládùúgbò rẹ̀, nígbà tí kò lè fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn? N kò sọ pé ojú inú ni ìgbàgbọ́ o. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí irúgbìn ń bọ́ sí. A lè ro ilẹ̀ náà, a sì lè fi í sílẹ̀ kí ó di igbó.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo bá àwọn ọmọ onígbàgbọ́ kan pàdé ní họ́sítẹ̀lì tí wọ́n mọ ẹsẹ àkọ́sórí dáadáa. Wọ́n mọ gbogbo ohun tí a kì í ṣe: a kì í mutí, a kì í jẹ́ kí ìsìn òwúrọ̀ kọjá, a kì í bá irú ẹni báyìí rìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ó wù wọ́n lára Jésù, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Òfin ni a fi tọ́ wọn dàgbà, ẹnikẹ́ni kò jókòó fi ẹwà Olúwa hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá dé ibi tí kò sí òbí tí ń ṣọ́ wọn, tí ẹlòmíràn sì ń sọ ìtàn ayé fún wọn lọ́nà tí ó dùn mọ́ wọn létí, àwọn kan nínú wọn fi ohun tí wọ́n bá wá sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jiyàn títí tí wọ́n fi rí i pé irọ́ ni. Wọn kò rí ohun tí ó dára níbẹ̀ rí ni. Èyí ni ohun tí ó wà nínú ewu, ará. Ọmọ lè mọ gbogbo ìdáhùn kí ọkàn rẹ̀ má sì nífẹ̀ẹ́ ohun kan nínú wọn.

Ọlọ́run ń pìtàn

Nígbà tí Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n kó òkúta 12 láti àárín odò náà. Kí ni òkúta náà wà fún? Jóṣúà orí 4 sọ ọ́ gbangba: kí àwọn ọmọ lè béèrè, kí àwọn baba sì lè ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni àsè Ìrékọjá nínú Ẹ́kísódù orí 12. Ọlọ́run ti mọ̀ pé ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ìdáhùn sí òbí lẹ́nu. Ìdáhùn náà, ìtàn ni.

Ẹ tún wo Dáfídì ọba nínú 2 Sámúẹ́lì orí 12. Dáfídì mọ òfin. Ó mọ̀ pé panṣágà kò dára, ó mọ̀ pé ìpànìyàn kò dára. Síbẹ̀ ó ṣe méjèèjì, ó sì jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Wòlíì Nátánì kò kọ́kọ́ ka òfin fún un. Ó sọ ìtàn tálákà kan tí kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo lọ, tí ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun, tí ó ń sùn sí àyà rẹ̀, àti ìtàn olówó tí ó gba àgùntàn náà pa fún àlejò. Inú bí ọba. Ó dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ ara òun ni òun ń dá. Òfin ti wà ní etí Dáfídì láti kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó bá a dé ibi tí ó sá pamọ́ sí.

Nínú Onídàájọ́ orí 9, Jótámù dúró lórí òkè Gérísímù, ó sì pa òwe àwọn igi tí wọ́n ń wá ọba. Igi ólífì kọ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà kọ̀, igi ẹ̀gún ni ó gbà. Igi kì í sọ̀rọ̀, gbogbo wa ni a mọ̀. Síbẹ̀ ìtàn náà wà nínú Ìwé Mímọ́, ó sì sọ òtítọ́ nípa irú ènìyàn tí ń wá ipò lójú méjèèjì. Olúwa wa ńkọ́? Mátíù 13:34 jẹ́rìí pé kì í bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ láìlo òwe. Afúnrúgbìn, owó tí ó sọnù, ọmọ tí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ wù ú jẹ: ìtàn tí ọmọ ọdún márùn-ún lè gbé lọ sílé ni wọ́n.

Ṣé irọ́ ni ìtàn àròsọ?

Àwọn ará kan nínú fẹ́lóṣíìpù máa ń ní ìjayà nípa èyí, ìjayà wọn kò sì burú. Wọ́n ní, “Bí a bá ń fún ọmọ ní ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, ṣé a kò kọ́ ọ ní irọ́?”

Nínú kíláàsì tí mo ń kọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, a ka ìtàn aláàánú ará Samáríà ní ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ, na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ọkùnrin yẹn wà lóòótọ́?”

Mo ní, “Kí ló dé tí o fi béèrè?”

Ó ní, “Ó ní òun máa padà wá san owó tó kù fún onílé èrò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó padà wá.”

Mo sọ fún un pé Jésù kò sọ fún wa pé ó ṣẹlẹ̀, òwe ni ó fi pa, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ohun tí ó fi kọ́ wa nípa ìfẹ́. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á padà wá, mà.” Mo rò pé ọmọ náà ti mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́ ju bí ẹni tí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí pátákó ti mọ̀ ọ́n lọ.

Irọ́ ń fẹ́ kí o gbà pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí ó lè rẹ́ ọ jẹ. Àròsọ kì í fi ara pamọ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá ké “Ààlọ́ o!” tí gbogbo ọmọ sì dáhùn “Ààlọ̀!”, kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí ó rò pé òun yóò pàdé Ìjàpá lọ́nà oko lọ́la pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ti wọ inú ìtàn, wọ́n sì mọ̀ ìgbà tí wọ́n bá jáde.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù fún wa níbi yìí, kò sì gbọdọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ ní kedere pé ìtàn ikú àti àjíǹde Jésù kì í ṣe ààlọ́. Lúùkù orí 3 dárúkọ Tìbéríù Késárì, ó dárúkọ Pọ́ńtíù Pílátù, ó sọ ọdún tí ó jẹ́. Nínú 1 Kọ́ríńtì orí 15, Pọ́ọ̀lù ní ó lé ní 500 ènìyàn tí wọ́n rí Olúwa lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà láàyè nígbà tí ó ń kọ̀wé. Ẹ fi ìka tọ́ka sí i, kí ẹ sì sọ pé, “Èyí ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ó wà lórí máàpù, ní ọdún tí a mọ̀.” Ọmọ tí ó ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn yóò tètè mọ ìyàtọ̀. Ọmọ tí gbogbo ìtàn jọ ọ̀kan náà létí rẹ̀ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù fún.

Èrò mímọ́ ní èdè wa

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, John Bunyan, ọkùnrin tí ń tún ìkòkò irin ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní ẹ̀wọ̀n fún ọdún 12 nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ ìjọba. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ ní ilé, afọ́jú sì ni àkọ́bí wọn, Mary. Ní ọdún 1678 ni apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde, ìtàn ọkùnrin kan tí ó gbé ẹrù wúwo sẹ́yìn, tí ó sì ń rìnrìn àjò lọ sí ìlú ọ̀run.

David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá gbé ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní ọdún 1853, ni ó túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá, tí a fi ń pè é ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Anna kó àwọn ọmọdé jọ sínú ilé rẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ẹ kíyè sí i: kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní ọdún 1884, àwọn baba ńlá wa nínú ìgbàgbọ́ ti ń ka Èrò Mímọ́ ní èdè wọn. Àwọn tí wọ́n mú ìhìnrere wá rí i pé kò tó kí ènìyàn ka ẹ̀kọ́ nìkan. Ó tún nílò ìtàn tí yóò jẹ́ kí ó rí ẹ̀kọ́ náà tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọmọ tí ó ti rí alábàárù lọ́jà, tí òógùn bò, tí ọrùn rẹ̀ wọlé sára, kò nílò àlàyé gígùn nípa ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ó bá dé ibi tí ẹrù náà já bọ́ níwájú àgbélébùú, tí ó yí gbirigbiri wọ inú ibojì, tí a kò sì rí i mọ́. Ẹ kà á sókè fún ọmọ kan, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Òun náà á mí kanlẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdáláre bá wá sí iwájú rẹ̀ nínú ìwé Róòmù, yóò ti mọ bí ó ṣe rí lára kí ẹrù bọ́ lẹ́yìn ènìyàn.

Fágúnwà àti igbó rẹ̀

Ìwé kejì tí mo fẹ́ dárúkọ yóò mú kí àwọn kan fajú ro. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde láti ọwọ́ D. O. Fágúnwà. Ọmọ Òkè-Igbó ni, onígbàgbọ́ ni, olùkọ́ sì ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sẹ́ńtì Áńdérù ní Ọ̀yọ́. Ilé ìwé CMS, ti ìjọ, ni ó gbé e jáde. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ tí àwọn ará kan sọ pé kí ọmọ onígbàgbọ́ má fọwọ́ kàn án, nítorí iwin àti oògùn pọ̀ nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni, wọ́n wà níbẹ̀. N kò ní fún ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó máa dá kà á ní alẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ó ti gbọ́njú, tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, ìwé náà ń kọ́ni ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé òde òní kò lè kọ́ni. Ó sọ fún ọmọ pé ibi ń bẹ, ibi náà ní eyín, àti pé akọni kì í padà lẹ́yìn nítorí rẹ̀. Ó fi hàn pé agbára oògùn a máa pin, ènìyàn a sì ké pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdẹ náà sì dé Òkè Lángbòdó, ilé Ìrágbèje ni wọ́n wọ̀, ó sì ń fi ìtàn kọ́ wọn ní ọgbọ́n fún ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè ìbéèrè lórí oògùn náà. Ẹ dá a lóhùn láti inú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó sàn kí ó gbọ́ nípa igbó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ju kí ó lọ gbọ́ ọ nínú fídíò lábẹ́ aṣọ ìbora.

Irúgbìn tí afúnrúgbìn kò rí

Ní ọdún 1916, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ra ìwé ìtàn àròsọ kan ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. George MacDonald, tí ó ti fìgbà kan rí jẹ́ pásítọ̀, ni ó kọ ìwé náà. Phantastes ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni C. S. Lewis. Kò di onígbàgbọ́ ní ọjọ́ náà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí ó tó tẹ orí ba fún Kristi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, ó jẹ́rìí sí i pé ìwé náà ni ó kọ́kọ́ wẹ ojú inú òun mọ́. Ìwà mímọ́, tí ó ti rò pé ohun gbígbẹ ni, bẹ̀rẹ̀ sí dùn mọ́ ọn.

MacDonald ti kú ní ọdún 1905. Kò mọ Lewis. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ìtàn rere sílẹ̀, ó sì kú. Láàárín ọdún 1950 sí 1956, Lewis náà kọ ìwé méje nípa ilẹ̀ Narnia fún àwọn ọmọdé. Nínú èkíní, ọmọdékùnrin kan da àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nítorí àdídùn, kìnnìún ńlá kan sì kú dípò rẹ̀, ó sì jí dìde. Ọmọ tí ó bá ti sunkún nítorí kìnnìún náà ti ní àyè nínú ọkàn rẹ̀ fún ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gọ́lígọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé tí ẹ sì rò pé iṣẹ́ yín kò ní èso, ẹ rántí ìtàn yìí.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìwé rere?

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí a kọ “ti onígbàgbọ́” sí lára ni ó dára. Àwọn kan wà tí ìkìlọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọmọ burúkú purọ́, mọ́tò gbá a, ó parí. Ọmọdé máa ń gbóòórùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ wo ìwọ̀n tí Pọ́ọ̀lù fún wa ní Fílípì 4:8. Òtítọ́ wà níbẹ̀, òdodo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wu ni náà wà níbẹ̀.

Tèmi ni pé mo máa ń wò ó bóyá ire jẹ́ ire nínú ìwé náà, tí ibi sì jẹ́ ibi, kí ó má jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́n féfé ni ó ń borí ní gbogbo ìgbà. Mo ń wò ó bóyá ìrètí wà ní ìparí, bí ọ̀nà tilẹ̀ le. Mo ń wo èdè rẹ̀, bóyá ó dùn lẹ́nu nígbà tí a bá kà á sókè. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ọmọ bá ní “Ẹ tún un kà”, ẹ mú ìwé náà dání. Bí àgbà náà bá ń gbádùn rẹ̀ nígbà tí ó ń kà á, ìwé rere ni.

Àwa tí a wà ní ilé àjò

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ewé yìí kò gbé ilẹ̀ Yorùbá. Kàdúná, Jọs, Kánò, Àbújá, Makurdi ni iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ gbé wa dé. Ọmọ ń gbọ́ Hausa lọ́jà, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Nínú ilé mìíràn, ìgbà tí ìyá bá ń bínú nìkan ni ó ń gbọ́ Yorùbá. Ẹ ò rí i pé èdè ìbáwí ni ó dà létí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó di èdè ìtàn pẹ̀lú.

Tímótíù náà dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Lístírà ni, ó jìnnà sí Jerúsálẹ́mù. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16:1 sọ pé Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Èdè méjì ó kéré tán, àṣà méjì, ìlú tí òrìṣà kún. Kí ni ó gbà á? Ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Lóìsì, àti ìyá kan tí ń jẹ́ Yùníìsì. Pọ́ọ̀lù ní láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ó ti mọ Ìwé Mímọ́. Ọmọ ọwọ́ kò lè kàwé. Ẹnìkan ni ó ń sọ ọ́ fún un.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé owó ni kò sí. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fóònù gbogbo ilé sì ti kú, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ ìtàn Jósẹ́fù títí dé inú kòtò, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọn yóò rán yín létí. Bí ìwé bá wà, ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó sùn ti tó. Ẹ má fi ìwé kíkà ṣe ìjìyà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà ni yóò béèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fẹ́lóṣíìpù kọ̀ọ̀kan ní àpótí ìwé ọmọdé kan. Ìwé àlòkù wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì ju ti dátà tí a ń rà lọ. Kí ẹni tí ó bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọdé mú ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ó sì dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ní ilé tiyín, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ìwé tí ọmọ yín ti dàgbà jù wà níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣì ń kọ̀wé sí Tímótíù pé kí ó bá òun mú àwọn ìwé òun bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi ni pé ìwé kò lè gba ọkàn là. Ẹ̀mí Mímọ́ ni ń sọni di àtúnbí. Àwa fúnra wa sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ ń kà. Bí ó bá gbọ́ ìtàn aláàánú ará Samáríà ní alẹ́, tí ó sì rí i ní òwúrọ̀ bí a ṣe ń lé alágbe kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ó rí ni yóò gbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí ìtàn tí a ń kà àti èyí tí a ń gbé bára mu.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, ìwọ ni ó dá ojú tí a fi ń ríran àti ojú inú tí a fi ń mọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí a fi ọmọ tí o fi sí ìkáwọ́ wa sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ire wọn. Fún wa ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n, fún wa ní ìtàn rere sí ẹnu, kí wọ́n lè fẹ́ràn ọmọ rẹ Jésù kí ọjọ́ ibi tó dé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.